Bánónà àti Irùngbọ̀n Késárì

Bánónà oníbúrẹ́dì kì í ra ìyẹ̀fun láìfi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá gbé àpò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kì í bu ti òkè. Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò bu díẹ̀ sẹ́nu, yóò sì máa wo ojú ẹni tó gbé e wá bí ó ṣe ń tọ́ ọ. Ó ní iyanrìn lè wà nínú àpò, irọ́ sì lè wà lójú, ó sì dára kí èèyàn yẹ méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Jẹ́-n-tọ́-ọ ní gbogbo Fíńdólà, ìlú kékeré tó wà létí odò Dánúbíù, níbi tí ilẹ̀ Róòmù parí sí.

Kì í ṣe pé wọ́n bí ìfura mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ló máa ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò. Ní ọdún tí Bánónà pé mẹ́sàn-án, odò náà dì gbagidi gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń dì nígbà òtútù. Bàbá rẹ̀ dúró létí ìhín, ó ké sí ọkùnrin kan létí ọ̀hún pé, "Ṣé yìnyín náà gbé èèyàn?" Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Máa bọ̀, ó le bí òkúta!" Bàbá gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí gbọ́. Nígbà tí yìnyín yọ́, bàtà rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Bánónà pé nǹkan kan le, ó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ná.

Ó fẹ́ Atírẹ́sù, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń dín búrẹ́dì kù nínú àwo ara rẹ̀ kí aládùúgbò lè rí jẹ. Atírẹ́sù ló ń bójú tó ààrò ńlá tó wà lẹ́bàá ẹnubodè. Ìgbìmọ̀ ìlú ló ni ààrò náà, ẹni tí òǹtẹ̀ Késárì bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún. Òǹtẹ̀ yìí jẹ́ àwo amọ̀ pẹrẹsẹ kan, tí wọ́n gbẹ́ ojú Késárì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi iná sun ún. Bí èèyàn bá tẹ ìyẹ̀fun pípò sínú rẹ̀, tó sì gbé e kúrò, Késárì á yọ jáde, tòun ti adé ewé lórí rẹ̀. Nígbà tí ibà pa Atírẹ́sù, ìgbìmọ̀ ìlú ní kí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ opó rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá mọ́. Bánónà kò ní ọmọ, kò ní ilẹ̀. Ààrò yẹn ni oúnjẹ rẹ̀, òun ni ilé rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sùn sí nígbà òtútù. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ibòmíràn tó lè lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, tí gbogbo ìlú bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ẹ̀mí Késárì, ilé kọ̀ọ̀kan máa ń gba àkàrà oyin kan, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àti oyin yan nínú ààrò, tí ojú Késárì sì wà lórí rẹ̀. Olórí ilé yóò fi ọwọ́ méjèèjì mú un, yóò ní, "Kí ó pẹ́," yóò sì dá a sí méjì gééré níbi imú. Ìdajì òkè, tó ní ojú àti adé, ti àwọn òrìṣà ilé ni; orí pẹpẹ ni yóò wà títí di ìgbà tí àkàrà mìíràn bá dé. Ìdajì ìsàlẹ̀, ẹnu àti àgbọ̀n, ti ará ilé ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó wọ̀. Oníbúrẹ́dì nìkan ni kì í gba tirẹ̀. Wọ́n ní òórùn ti yó o.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe rí títí di ọdún tí Galóníù fipá sọ ara rẹ̀ di Késárì.

Galóníù ni ọ̀gágun àwọn ọmọ ogun etí odò. Nígbà tí ọkà ń pọ́n lóko, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bínú pé Róòmù ti gbàgbé àwọn. Wọ́n wá aṣọ elésèé àlùkò tí wọ́n máa fi ṣe é ní Késárì, wọn ò rí. Wọ́n bá já aṣọ ara àsíá kan, wọ́n fi bò ó léjìká, wọ́n gbé e sórí asà, wọ́n ń pariwo, "Késárì! Késárì!" Bẹ́ẹ̀ Késárì kan wà ní Róòmù tí kò tíì kú. Kọfínù lórúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló wà nínú òǹtẹ̀ Bánónà, àgbọ̀n rẹ̀ sì dán bí ẹyin.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ wá sí ẹnu ààrò. Kò jókòó.

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ọjọ́ mẹ́sàn-án òní la máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Késárì tuntun. Ọ̀ọ́dúnrún àkàrà. Ojú tirẹ̀ ni kó wà níbẹ̀ o."

"Ẹ ti rí ojú náà?"

"Mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Irùngbọ̀n ló pọ̀ jù níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ló ní kí n ṣe é."

Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí la ń kọ sí? Ṣé ọ̀rọ̀ kíkọ lèyí? Ṣáà yan àkàrà rẹ."

Bánónà fi ojú sìn ín títí ó fi yí igun. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń ronú ibi tó máa gbà sá.

Rẹ́sátù, àbúrò ọkọ rẹ̀, wà níbẹ̀ tó ń la igi. Láti ọjọ́ tí Atírẹ́sù ti kú ni Rẹ́sátù ti ń wá la igi fún un, láìjẹ́ pé ó ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin aláwàdà ni, òun nìkan sì ni Bánónà kì í fura sí ní gbogbo ìlú, nítorí pé ẹ̀rín rẹ̀ jọ ti ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló dé tí o fajú ro?" ó ní. "Gbé òǹtẹ̀ yẹn wá, kí n gbé e lọ bá amọ̀kòkò. Kíá ló máa fi irin gbẹ́ irùngbọ̀n sí i."

"Ọkọ mi, èyí tí a bá gbẹ́ kúrò lára amọ̀, ṣé a lè dá a padà?"

"Ta ló fẹ́ dá a padà?"

"Késárì ọjọ́ mélòó lèyí? Mi ò ní ba òǹtẹ̀ mi jẹ́ nítorí ẹni tí wọ́n fi àsíá ṣe aṣọ fún."

Ó tẹ ìyẹ̀fun pípò sínú òǹtẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe, Kọfínù yọ jáde pẹ̀lú àgbọ̀n rẹ̀ tó dán. Bánónà wá yọ òòyà egungun tó wà nínú irun rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì fi eyín rẹ̀ tẹ àgbọ̀n náà gátagàta, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Irùngbọ̀n dé. Rẹ́sátù rẹ́rìn-ín títí ó fi ju àáké sílẹ̀.

"Ìyàwó wa yìí, o ò ní pa mí! Orí Kọfínù, irùngbọ̀n Galóníù! Ẹ̀rù ọgbọ́n rẹ ń bà mí o. Jọ̀ọ́, èyí tó bá kọ́kọ́ jiná, tèmi ni."

Ó fún un. Rẹ́sátù gbé e lọ sílé nínú aṣọ funfun.

Òdìkejì ọ̀nà ni Dásíù oníbàtà ń jókòó sí. Àgbàlagbà ni, kò ní eyín kan lẹ́nu, iwájú ààrò ni ojú rẹ̀ sì máa ń kọ sí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èyí máa ń bí Bánónà nínú. Ní ọjọ́ náà, Dásíù gbé orí sókè lórí bàtà tó ń rán.

"Jẹ́-n-tọ́-ọ! Mo gbọ́ pé àkàrà rẹ ti ń hu irùngbọ̀n?"

"Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Ojú mi ni. Kì í jẹ́ kí n sinmi."

Bánónà fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi, ẹnu rẹ̀ náà kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Galóníù lo oṣù mẹ́rin. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà òkè lọ bá Kọfínù jà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí ọmọ ogun Kọfínù kan tí oúnjẹ fi tán. Àwọn tó gbé e sórí asà náà ló gún un pa lórí afárá. Ọkùnrin kan tó ń da ìbaaka ló mú ìròyìn náà wọ Fíńdólà lówùúrọ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti wó ère Galóníù, àwọn tó sì fi òdòdó sí i lọ́rùn ló yí orí rẹ̀ lọ sínú odò.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni dínkù nílùú. Bí ẹnì kan bá kí ọ pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," wàá rò pé ó ń ka ọjọ́ tó kù fún ọ ni. Àwọn obìnrin ń pọn omi láìdúró sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, aṣojú Késárì dé pẹ̀lú ọmọ ogun méjìlá, wọ́n sọ̀ sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, wọ́n sì kéde. Ẹnikẹ́ni tó bá ya ère tàbí àwòrán ọ̀dàlẹ̀ náà yóò pàdánù ohun tó ní, bóyá orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ fó, òun ni wọn yóò fi ohun ìní ẹni náà ta lọ́rẹ.

Bánónà gbọ́ ìkéde náà lẹ́nu ààrò. Ọ̀ọ́dúnrún ni àkàrà tó fi irùngbọ̀n sí. Àmì ìka rẹ̀ mẹ́ta wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gẹ́gẹ́ bí oníbúrẹ́dì ìlú ṣe gbọ́dọ̀ ṣe.

Ó gbé agbọ̀n búrẹ́dì, ó ń wọ ilé dé ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé eku ń jẹ àkàrà orí pẹpẹ. Ẹ jẹ́ n yẹ tiyín wò." Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wá ṣe amí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ilé kìíní, ìdajì òkè: ojú àti adé. Ilé kejì, ojú àti adé. Ilé kẹwàá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sí irùngbọ̀n kankan. Ìgbà náà ni èémí rẹ̀ tó balẹ̀. Àwọn òrìṣà ló gba adé, ará ìlú ló jẹ àgbọ̀n, irùngbọ̀n Galóníù sì ti gba inú gbogbo Fíńdólà kọjá.

Bí ó ṣe ń padà bọ̀ ló rí Dásíù tó ń fi erìgì jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Dásíù kò ní eyín!

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Àkàrà oyin ìjọsí, ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Eyín wo lẹ fi jẹ ẹ́?"

"Mo rẹ ẹ́ sínú ọtí ọkà ni."

"Àkàrà tó le bí òkúta?"

"Oyin ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi. Ohun tó le bí òkúta náà máa ń yọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ta á lára. Le bí òkúta, ó máa ń yọ́: ọ̀rọ̀ tó pa bàbá rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Rẹ́sátù.

"Dásíù?" Rẹ́sátù mi orí. "Ìyàwó, mi ò fẹ́ sọ fún ẹ ni. Mo ti ń fura sí bàbá yẹn tipẹ́. Bó bá ní i lọ́wọ́, inú àpótí awọ rẹ̀ ló máa wà."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Dásíù lọ pọn omi lọ́sàn-án gangan, Bánónà rékọjá ọ̀nà. Ó ṣí àpótí. Awọ ló wà níbẹ̀, ìlu, okùn, ìda oyin, àti ìdajì àkàrà kan tí wọ́n fi aṣọ mímọ́ wé, nítorí pé bàbá náà kò ní pẹpẹ. Ojú àti adé ni. Bánónà ṣì ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí nígbà tí òjìji bò ó.

Dásíù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú korobá omi.

"Ṣé o ti tọ́ ọ wò?" ó béèrè.

Bánónà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú ń tì í gidigidi. Síbẹ̀, bí ó ṣe ń sọdá ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ ń sọ pé, "Ó lè wà níbòmíràn."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, ọmọ ogun kan wá sí ẹnu ààrò. Ohun tó sọ kò ju pé, "Aṣojú ń pè ọ́. Mú òǹtẹ̀ rẹ dání." Bánónà fi aṣọ wé òǹtẹ̀. Rẹ́sátù gbé àáké kalẹ̀, ó sì na ọwọ́.

"Ìyàwó, fi kọ́kọ́rọ́ ilé ààrò sílẹ̀ fún mi, kí iná má bàa kú kí o tó dé."

Bánónà ti yọ kọ́kọ́rọ́ náà tán. Ó wá dúró. Ọmọ ogun náà kò sọ bóyá yóò pẹ́ tàbí kò ní pẹ́. Ta ló sọ fún Rẹ́sátù pé iná lè kú kó tó dé? Ó wo ojú àbúrò ọkọ rẹ̀ bí ó ṣe ń wo ojú àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun. Ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètè nìkan ló wà.

"Jẹ́ kó kú, ọkọ mi," ó ní, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àyà.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún. Aṣojú Késárì jẹ́ ọkùnrin tín-ín-rín kan tí òtútù odò ti mú, imú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń fi aṣọ nù ún lemọ́lemọ́. Lórí tábìlì níwájú rẹ̀ ni àkàrà oyin kan wà, lórí aṣọ funfun. Irùngbọ̀n rẹ̀ pé.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, olúwa mi. Ìka mi ló wà nídìí rẹ̀."

"Ojú ta ni?"

Bánónà tú òǹtẹ̀, ó gbé e dé orí àkàrà náà. Iwájú orí bá iwájú orí mu. Imú wọlé sí ibi imú. "Kọfínù ni, olúwa mi. Mi ò fi irin kan òǹtẹ̀ yìí rí."

"Irùngbọ̀n yìí ńkọ́?"

"Òòyà ni." Ó yọ ọ́ láti inú irun rẹ̀. "Ẹnì kan wá, ó ní kí n fi irùngbọ̀n sí i. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kò kọ ọ́."

Bàbá àgbà ìgbìmọ̀ náà ń wo àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ń gbà wọlé.

"Obìnrin," aṣojú ní, "òòyà lè bẹ́ èèyàn lórí bí ó bá fi ya àwòrán ọ̀dàlẹ̀. Ṣé o ní ọ̀rọ̀ mìíràn?"

Bánónà tún wo àkàrà náà. Nǹkan kan ti ń dà á láàmú láti ìgbà tó ti wọlé. Aṣọ funfun yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Kí tún ni? Imú. Imú Késárì wà lójú rẹ̀ lódindi, kò já.

"Olúwa mi, ẹ má bínú. Odidi ni àkàrà yìí."

"Mo rí i."

"Kò yẹ kí odidi kankan wà ní Fíńdólà. Lọ́jọ́ ẹ̀jẹ́, gbogbo ilé ló ń dá Késárì sí méjì níbi imú. Ẹ rán èèyàn lọ wo orí pẹpẹ. Gbogbo wa la fọ́ ojú Galóníù, a jẹ ẹnu rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà tí kò fọ́ ọ. Ẹni yẹn ló gbé orí rẹ̀ wé nínú aṣọ mímọ́ fún oṣù mẹ́rin. Kí ló ń tọ́jú rẹ̀ fún?"

Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn. "Òótọ́ ni! A dá tiwa!" "Èmi dá tèmi kó tó tutù!" "Àwa jẹ tiwa lójú ọ̀nà!" Bàbá àgbà ìgbìmọ̀ ló pariwo jù.

"Ẹ̀rí ni!" ohùn kan ké láti ẹ̀yìn. "Mo pa á mọ́ fún ẹ̀rí ni!"

Rẹ́sátù ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Aṣojú nu imú rẹ̀. "Láti ìgbà wo lo ti pa á mọ́?"

"Láti ọjọ́ tó jáde nínú iná, olúwa mi! Ọjọ́ yẹn gan-an!"

"Ó dára. A jẹ́ pé láti ọjọ́ yẹn lo ti mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Ta lo sọ fún, láàárín oṣù mẹ́rin?" Rẹ́sátù ń sún sẹ́yìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Tàbí ò ń dúró wo ẹni tó máa borí, kí o tó mọ ẹni tí o máa gbé e fún?"

Ọmọ ogun méjì dì í mú. "Ìyàwó!" ó ń ké. "Ìyàwó wa, bá mi bẹ̀ wọ́n!"

Ohùn náà jọ ti Atírẹ́sù púpọ̀. Bánónà pa ojú dé. "Olúwa mi," ó ní, "àbúrò ọkọ mi ni. Ó máa ń la igi fún mi." Bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà á lọ́wọ́ idà, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni wọ́n mú un lọ.

Aṣojú tún yí sí i. "Gbogbo ìlú ló jẹ irùngbọ̀n yìí. Ìwọ ńkọ́?"

"Oníbúrẹ́dì kì í gba tirẹ̀, olúwa mi."

"Gba tìrẹ lónìí. Mi ò ní gbé àkàrà lọ sí Róòmù kí wọ́n lè máa fi mí ṣẹ̀sín. Jẹ ẹ́ níbí, kí n rí i."

Bánónà mú un lọ́wọ́ méjèèjì. Kò mọ Késárì tó yẹ kó sọ pé kí ó pẹ́, nítorí náà kò sọ nǹkan kan. Ó fi gbá etí tábìlì, ó já níbi imú. Ó fi adé sílẹ̀, ó gbé àgbọ̀n súnmọ́ ẹnu, ahọ́n rẹ̀ sì yọ fúnra rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Jẹ́-n-tọ́-ọ!" ẹnì kan kígbe, gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó gé e jẹ. Eyín rẹ̀ kan ló kán, àkàrà kò kán. Omijé dé ojú rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn èèyàn yà sí ẹ̀gbẹ́, tí Dásíù oníbàtà rọra jáde wá pẹ̀lú ife ọtí ọkà lọ́wọ́.

"Rẹ ẹ́," ó ní. "Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn."

Bánónà wo ife náà. Ọtí náà ṣú, kò sí ẹni tó lè rí ìdí rẹ̀. Ọkùnrin tí òun tú àpótí rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn rèé. Kí ni ò lè fi sínú rẹ̀? Ó wo ojú bàbá náà. Kò rí ẹ̀rín níbẹ̀, kò rí ìbínú. Ó ki àkàrà bọ inú ọtí, ó dúró, gbogbo èèyàn sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, irùngbọ̀n Késárì ń rọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá gbé ife náà, ó sì mu ohun tó kù láìtọ́ ọ wò.

Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà náà, ààrò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Késárì mẹ́rin ló kọjá lórí òǹtẹ̀ rẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ ojúlówó. Kò yé ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò ìyẹ̀fun.

Dásíù ra àgádágodo fún àpótí rẹ̀ ní ọjọ́ kejì gan-an. Bánónà rí i, kò sì bínú. Láràárọ̀ ló ń gbé búrẹ́dì rírọ̀ sọdá ọ̀nà lọ fún un, èyí tó ti yọ èèpo rẹ̀ kúrò. Bàbá náà kì í tètè gbà á.

"Dúró ná," á ní, á ti ìka bọ ìsàlẹ̀ búrẹ́dì náà, á sì máa wò ó lójú. "Jẹ́ n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Bánónà á sì dúró.